Bí a ṣe ń fi agbára kún Golf 1.8T ní Ìbàdàn láì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀

Volkswagen Golf 1.8T tí ìwé rẹ̀ sọ pé 150 hp (agbára ẹṣin) ni, tó sì ti lé ní ogún ọdún, kì í sábà ní 150 hp nínú mọ́. Afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan, kọ́ìlì kan ti ń rẹ̀, ìdọ̀tí ọ́ìlì ti fẹ́ dí ẹnu pọ́ǹpù, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sì ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Bí a bá wá gbé máàpù tuntun (ìlànà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń pín epo, iná àti agbára tọ́bò) lé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lórí, ẹrù la di lé aláìsàn lórí yẹn. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí fi jẹ́ gbígba agbára tó ti sọnù padà. Fífi kún un kò gbà ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

Ibi tí à ń lọ ni kí ẹ́ńjìnnì 150 hp dé nǹkan bí 190, kí ti 180 sì kọjá 200 díẹ̀, lórí tọ́bò kékeré (ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́, láì tú inú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fẹ́ 300 hp, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sì ní dùn mọ́ àpò rẹ̀.

Lẹ́tà ẹ́ńjìnnì

Lẹ́tà mẹ́ta wà lára sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìbòrí táímìnì bẹ́líìtì. Wọ́n tún lù ú sára irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. AGU àti AUM jẹ́ 150 hp, AUQ àti AWP jẹ́ 180. 1781 cc ni gbogbo wọn, fáàfù márùn-ún lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà AGU kì í ṣe ti AUM, injector (ẹnu tó ń fọ́n epo) ti 180 sì tóbi ju ti 150 lọ. Ẹ kọ lẹ́tà yìí sínú fóònù kẹ́ ẹ tó lọ sí ọjà páàtì Àràròmí ní Gate, torí "1.8T ni, ọ̀kan náà ni wọ́n" lẹ máa gbọ́ níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Passat àti Audi A4 ń lo ẹ́ńjìnnì yìí pẹ̀lú, àmọ́ òòró ló wà nínú tiwọn, nítorí náà paipu afẹ́fẹ́ àti sàlẹ́ńsà wọn kò bá ti Golf àti Jetta mu. Golf àti Jetta là ń sọ níbí.

Wíwọn kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n

Kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n ni bí sílíńdà ṣe lágbára tó láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀; bar ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì àti fíúùsì pọ́ǹpù epo. Kí bátìrì kún. Ẹ fi géèjì sí sílíńdà kìíní, kí ẹnì kan tẹ tọ́tù (pẹ́dàlì tó ń mú ọkọ̀ sáré) mọ́lẹ̀ pátápátá, kó sì máa yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń fún wa ní 9 sí 14 bar. 7 bar ni òpin. Ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ ju 3 bar lọ, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí a fẹ́ fi agbára kún, bó bá ti ń sún mọ́ 2 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìdí. Bí sílíńdà kan bá kéré, ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì písítìn ló ti jẹ. Tí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni. Nínú méjèèjì, iṣẹ́ agbára dúró síbẹ̀ ná.

Jíjò afẹ́fẹ́: ẹ lọ bá fọganáísà

Jíjò afẹ́fẹ́ ló ń jẹ agbára 1.8T jù, ojú kì í sì í rí i. Kọ̀ǹpútà ti wọn afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ tọ́bò, ó ti pọn epo tó bá a mu. Bí afẹ́fẹ́ bá wá jò lẹ́yìn náà, epo á pọ̀ jù, èéfín dúdú á máa jáde, tọ́bò á sì máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó lè dé ibi tí wọ́n ní kó dé. Bí tọ́bò ṣe ń kú láìtọ́jọ́ nìyẹn.

Ẹ ra ìdérí paipu omi oníke tó bá ẹnu hósì tó ń wọ tọ́bò mu. Ẹ lu ihò sí àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ fi féèfù táyà tubeless há a. Ẹ tú hósì lára sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, ẹ fi ìdérí náà dí i, kẹ́ ẹ dè é ní kílípù. Kí fọganáísà fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ dé 0.7 bar, kò gbọdọ̀ ju 1 bar lọ. Ẹ wí i fún un létí kedere, torí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ 2 bar àti jù bẹ́ẹ̀ tó ń fún táyà. Iye yẹn á ya síìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ gbogbo ojú hósì. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba sàlẹ́ńsà jáde, ẹ fi súpáná yí kíráńkì díẹ̀, fáàfù kan ló ṣí sílẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Àkọ́kọ́ ni àwọn hósì tó wà lábẹ́ ìwọ̀lé afẹ́fẹ́, tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnnì: ọ́ìlì àti ooru ti sọ wọ́n di rírọ̀ bí ẹ̀bà, ẹ sì lè fi ìka lu wọ́n já. Èkejì ni hósì tó so tọ́bò mọ́ intercooler (rádíétọ̀ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, tí nọ́ńbà Bosch rẹ̀ parí sí 710N. Láti dán fáàfù yìí wò, ẹ tì í sínú, ẹ fi ìka dí ẹnu kékeré orí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀: bó bá padà kíákíá, awọ inú rẹ̀ ti ya. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ́ìlì

Ẹ́ńjìnnì yìí kórìíra ọ́ìlì tí kò dára. Ooru tọ́bò máa ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ náà á sì lọ dí asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù nínú sọ́ńpù (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì). Tọ́bò ló kọ́kọ́ ń kú, bíárìn kíráńkì á tẹ̀ lé e. Fún tòkunbọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ tú sọ́ńpù sílẹ̀. Ẹ má fi ọ́ìlì ìfọnú tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì ṣe èyí. Ìdọ̀tí tó bá tú lójijì, ẹnu asẹ́ náà ló ń lọ. Ẹ yọ asẹ́ kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ha sọ́ńpù mọ́, kẹ́ ẹ fi síílántì tuntun dè é.

Ọ́ìlì 5W-40 tó jẹ́ síńtẹ́tíìkì pátápátá, tí wọ́n kọ VW 502.00 sí lẹ́yìn, ni kẹ́ ẹ lò. Nǹkan bí lítà 4.5 ló ń gbà pẹ̀lú fíltà. Ẹ wo ọ̀pá ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó da èyí tó kù sí i. Ẹ máa yí i ní gbogbo 5,000 km, ẹ má tẹ̀ lé 15,000 tí ìwé òyìnbó kọ, torí kò sí hó-ọ́ọ̀pù Mọ́lété nínú ìṣirò tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi géèjì wọn agbára ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná: bí kò bá tó 2 bar ní 2000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ẹ má lọ síwájú.

Paipu tó ń gbé ọ́ìlì wá sí tọ́bò gba ìtòsí irin gbígbóná kọjá, ọ́ìlì inú rẹ̀ sì máa ń jóná di èédú. Ẹ ra tuntun pẹ̀lú ìbòrí ooru rẹ̀. Ẹ tún di ọ̀pá inú tọ́bò mú, kẹ́ ẹ mì í: kí ó mì díẹ̀ sókè sódò kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ń wọlé-jáde, tọ́bò ti tán. Tọ́bò tòkunbọ̀ tí wọ́n bá fi epo fọ̀ tó ń dán bí dígí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù; wọ́n ti fọ àmì ọ́ìlì tó ń jò kúrò.

Táímìnì bẹ́líìtì kò ní àríyànjiyàn nínú. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú tẹ́ńṣọ́nà àti wọ́tà pọ́ǹpù tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ irin, torí abẹ́ oníke ti ilé-iṣẹ́ máa ń fọ́. Bẹ́líìtì tó bá já, písítìn á lu fáàfù. Kúláǹtì pupa G12 ni kẹ́ ẹ dà sí i, ẹ má sì pò ó mọ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n á di ẹrẹ̀.

Pulọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì

Pulọ́ọ̀gì NGK BKR6E ló máa ń wà níbẹ̀. Fún iṣẹ́ yìí, BKR7E ni, tó tutù ju ìyẹn lọ ní ìpele kan, kẹ́ ẹ fi fílà géèjì ṣí ẹnu rẹ̀ sí 0.7 mm. Ẹnu tó bá gbòòrò jù, agbára afẹ́fẹ́ á fẹ́ iná pa, ọkọ̀ á sì máa kọsẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ẹ dè é ní 30 Nm, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ayédèrú NGK pọ̀ lọ́jà. Ti ayédèrú, lẹ́tà ara rẹ̀ máa ń wọ́, etí rẹ̀ kì í sì í gún. Kọ́ìlì ni kẹ́ ẹ má ra ní tòkunbọ̀ rárá. Ti 2.0 TFSI olórí pupa ń wọlé pẹ̀lú ìdè kékeré tó ń mú un dúró, ó sì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kíkọ nọ́ńbà sílẹ̀ kí máàpù tó dé

Okùn VCDS (tó ń so kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pọ̀ mọ́ tiyín láti kà á) àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, àwọn tó fẹ́ agbára kíákíá ló sì ń fò ó. Ẹ ka búlọ́ọ̀kù (àkójọ nọ́ńbà tí VCDS ń fi hàn) kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, torí bí ẹ bá ṣí mẹ́ta, nọ́ńbà á máa falẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù 032 ń sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣàtúnṣe epo. Bí nọ́ńbà kejì bá ju 10% lọ sókè, afẹ́fẹ́ tí wọn kò wọ̀n ń wọlé, tàbí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ń ka kékeré. Búlọ́ọ̀kù 003 ń fi gíráàmù afẹ́fẹ́ hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan: ẹ pín èyí tó ga jù sí 0.8, ẹ ó rí agbára ọkọ̀ níwọ̀n. 120 g/s jẹ́ nǹkan bí 150 hp. Bí ẹ bá rí 95, ẹ ti mọ̀ pé 30 hp ti sọnù, kò sì sí máàpù tó ń wá irú agbára bẹ́ẹ̀ rí. Búlọ́ọ̀kù 115 ń fi agbára tọ́bò tí kọ̀ǹpútà béèrè àti èyí tó rí gbà hàn. Afẹ́fẹ́ ayé lásán wà nínú nọ́ńbà yẹn, tó dín díẹ̀ ní 1000 mbar ní Ìbàdàn nítorí gíga ilẹ̀ wa, nítorí náà 1800 jẹ́ nǹkan bí 0.8 bar ti tọ́bò. Búlọ́ọ̀kù 020 ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fa iná pulọ́ọ̀gì sẹ́yìn (kó pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn) hàn, sílíńdà kan sí ìkejì.

Gíà kejì ni kẹ́ ẹ lò, láti 2500 rpm dé 6500. Ìyẹn kò ní ju nǹkan bí 100 km/h lọ. Gíà kẹta á gbé yín dé 140 ó lé, bẹ́ẹ̀ 100 ni òfin gbà lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, lójú ọ̀nà tó gbẹ, tí ó tẹ́jú, tí kò sí ọjà níwájú. Ẹlòmíràn ni kó mú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kì í ṣe awakọ̀.

Sàlẹ́ńsà àti intercooler

Paipu tó jáde láti ẹ̀yìn tọ́bò ló há jù. Ẹ fi èyí tó jẹ́ 76 mm rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi 63 mm parí rẹ̀ dé ẹ̀yìn. Fún 200 hp, 76 dé ìdí ọkọ̀ kò fi nǹkan kún un ju ariwo lọ. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè ṣe é, àmọ́ ẹ rí i dájú pé ó fi paipu rírọ̀ sí àárín, torí ẹ́ńjìnnì máa ń mì. Bí kò bá sí i, paipu á sán lójú ìdè láàárín oṣù mélòó kan. Kó fọ ìdọ̀tí iná inú paipu kúrò. Kó so ẹnu fún sẹ́ńsọ̀ lambda (tó ń ka èéfín) tí ọkọ̀ ní, àti òmíràn fún géèjì wideband (tó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo hàn) tí a ó lò lọ́jọ́ máàpù. Ẹ yọ paipu kúrò lára ọkọ̀ kó tó jó o. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ yọ okùn bátìrì àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ fi kátàlísì (tó ń fọ èéfín mọ́) tó gba èéfín dáadáa sí i: bí ẹ bá yọ ọ́ pátá, òórùn rẹ̀ á máa wọ inú ọkọ̀, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn pẹ̀lú kóòdù àṣìṣe P0420.

Intercooler kékeré tó wà nínú ìbòrí táyà kò lè dúró sí ooru oṣù Ẹrẹ́nà. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti tọ́bò máa ń ju 100°C lọ, ìwọ̀n 10°C tó bá sì kù lára rẹ̀ ń gba nǹkan bí 3% nínú afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wọlé. Ẹ gbé èyí tó tóbi sí iwájú, pẹ̀lú paipu 57 sí 63 mm. Kí ẹnu paipu kọ̀ọ̀kan ní etí kí hósì má baà yọ. Hósì sílíkónì ni. Hósì rádíétọ̀ lásán, ọ́ìlì inú afẹ́fẹ́ tọ́bò á jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fi tóbi jù, rádíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà AC kò ní rí atẹ́gùn, ọkọ̀ á sì hó sí Dùgbẹ̀. Kí fáànù méjèèjì ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ padà sọ́dọ̀ fọganáísà.

Fíltà afẹ́fẹ́? Ẹ fi àpótí ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fíltà bébà tuntun. Fíltà ṣóńṣó tí wọ́n ń gbé sí gbangba nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fà, ọ́ìlì ara rẹ̀ sì ń ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Máàpù

Nígbà tí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, bíárìn tó ti jẹ ló ń sọ. Èyí tí a ń bẹ̀rù níbí yàtọ̀: epo á gbiná fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà kó tó yẹ, á sì lu orí písítìn bí òòlù. Epo tí octane rẹ̀ (bó ṣe ń kọ̀ láti gbiná fúnra rẹ̀) kéré, afẹ́fẹ́ gbígbóná àti agbára tọ́bò tó pọ̀ ló ń fà á. Epo tí à ń rà kì í ṣe epo 98 tí wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Jámánì, nítorí náà ẹ má gba fáìlì àgbàbọ́. Kí ẹni tó ń kọ máàpù kọ ọ́ lórí ọkọ̀ yín gan-an, pẹ̀lú epo tí ẹ máa ń rà.

Kó tó kọ ohunkóhun, kó ka fáìlì ilé-iṣẹ́ jáde, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ẹ so ẹ̀rọ tó ń gba agbára bátìrì ró mọ́ ọkọ̀, kó máa jẹ iná láti ara inverter. Bí iná NEPA bá lọ láàárín kíkọ, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá kọsẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè kú síbẹ̀, àtúnjí rẹ̀ sì gba pé kí wọ́n ṣí i.

Ohun tí a fẹ́ rí ni pé kí tọ́bò dé 1.0 sí 1.1 bar ní nǹkan bí 3000 rpm, kó sì máa rọlẹ̀ dé nǹkan bí 0.7 ní 6500. Tọ́bò kékeré yìí, bí a bá fi tipátipá mú 1.1 dúró dé òkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná lásán ló ń pọ̀n. Kí wideband wà ní 11.8 sí 12.0 nígbà tí tọ́tù bá wà nílẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ 12.8, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ lọ wọn pọ́ǹpù epo. Agbára epo ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ 3 bar nígbà tí hósì kékeré orí rẹ́gúlétọ̀ bá wà ní yíyọ. Nínú búlọ́ọ̀kù 020, bí kọ̀ǹpútà bá ń fa iná sẹ́yìn ní ìwọ̀n 3 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Tó bá ń lọ sí 6 àti jù bẹ́ẹ̀ ní sílíńdà púpọ̀, iná ti yá jù fún epo yìí: kí wọ́n dín in kù. Bó bá jẹ́ sílíńdà kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo pulọ́ọ̀gì àti injector rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan máàpù.

Kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì, àti ẹni tó fẹ́ 300

Ní gíà kẹrin, 2000 rpm, ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Bí rpm bá fò tí ọkọ̀ kò sáré, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi rọ́pò rẹ̀ ni fláíwíìlì G60 pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì VR6. Ó lágbára, àmọ́ gíà á máa dún díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Fún bíréèkì, dísìkì 312 mm ti Audi TT wọlé pẹ̀lú irin tó ń di kálípà rẹ̀ mú, rímù 16 sókè nìkan ló sì gbà á. Ẹ yí omi bíréèkì sí DOT 4 tuntun. Ẹ ṣe èyí kí ọjọ́ máàpù tó pé, torí owó kì í sábà kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó ń fẹ́ 300 hp ní láti ra tọ́bò ńlá, injector, pọ́ǹpù epo, àti kọ́nẹ́kítìn ródì tí wọ́n rọ. Ródì ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ̀ bí agbára yíyí bá ti ń sún mọ́ 400 Nm, pàápàá ní rpm ìsàlẹ̀. Ródì tó bá tẹ̀, ihò lára irin ẹ́ńjìnnì ló ń tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn 500 km

Ẹ tún gbogbo kílípù dè, ẹ wo ọ̀pá ọ́ìlì, ẹ tú pulọ́ọ̀gì kan wò. Àwọ̀ bíi ti kọfí olómi wàrà dára. Funfun tó ní àmì kéékèèké dídán lórí, ẹ́ńjìnnì gbóná jù: ẹ padà sí búlọ́ọ̀kù 020. Dúdú tó gbẹ, afẹ́fẹ́ ti tún ń jò. Tí ẹ bá sì ti fi agbára wakọ̀ dé ilé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kẹ́ ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì inú tọ́bò má baà jóná síbẹ̀.